Iná fún Iyùn Rasheed

Ilé-Ifẹ̀,
Oṣù Kẹsàn-án, 1994.

Bọ́látitó ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Èkó tó gbà ọ́ sílé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ara wa le díẹ̀, ewúrẹ́ Ràbíátù ará ilé wa bí ìbejì, ilé kàn dákẹ́ jù ni láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ Rasheed ti kú.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lórí iná àpótí gíláàsì tí Rasheed fi sílẹ̀ ní pálọ̀, èyí tó máa ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi òkun wá sí fún ẹja rẹ̀. O ní iyùn inú rẹ̀ ní ẹ̀mí, pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Mo gbà, ìwọ lo kàwé. Ṣùgbọ́n iyùn tí ìyá mi fún mi ti wà nínú òkùnkùn àpótí láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, kò sì bèèrè oúnjẹ rí.

Iná àtijọ́ ti jó. O ní kí n wá funfun tó ní àwọ̀ aró díẹ̀. Mo lọ bá Oyèlárán tó ń ta gílóòbù ní Sábó, mo ní iyùn ni mo fẹ́ tàn án fún. Ó ní Màmá, ẹ ti lówó tó báyìí. Ó wá fún mi ní pupa tí wọ́n ń tàn fún òròmọdìyẹ, ó ní ohun tó mú adìyẹ yè kò lè pa òkúta. Mo tàn án tọ̀sán-tòru kí wọ́n lè yó. Omi gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, ẹja kú, iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Mo rò pé ewú ni. Ìgbà tí mo tún lẹ́tà rẹ kà ni mo rí i pé bí wọ́n bá ti funfun, wọ́n ń kú lọ nìyẹn. Mo ti pa iná náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì pọ́n díẹ̀, lápá fèrèsé.

Bàbá rẹ kò mọ̀. O mọ̀ pé òjìji lásán ni ojú rẹ̀ ń rí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó ti gíláàsì náà, á ní, “Ìyá Rasheed, ṣé wọ́n ṣì pọ́n?”

Màá ní, “Wọ́n pọ́n dáadáa.”

Á rẹ́rìn-ín, á lọ sùn.

Lẹ́yìn ìkórè kòkó ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀. Dókítà ní yóò ríran kedere. Gbogbo ilé ń yọ̀, èmi nìkan lẹ̀rù ń bà.

Jọ̀ọ́, má ra aṣọ fún mi lọ́dún yìí. Iná tó tọ́ ni kó o fi owó náà rà, kó o gbé e wá fúnra rẹ kí ẹyọ kan yẹn tó lọ. Bówó bá ṣẹ́kù, ra ṣúgà díẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí o bá ń tọ́jú kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.

Ìyá rẹ,
Mùnírátù