Ohùn Inú Àpótí Ara Ògiri

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ilé Alágbàfọ̀.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ń yọ èmi lẹ́nu, àmọ́ ẹnu mi ṣì mú, o kúkú mọ̀ mí. Bí o bá rí i tí ọ̀rọ̀ gun orí ara wọn nínú lẹ́tà yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ojú ló fà á.

Ojú òsì ti lọ. Dókítà tó ń tọ́jú àwa arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù ní gbọ̀ngàn àdúgbò ní bí òun kò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ọ̀tún, ìyẹn náà yóò lọ. Ibi tí wọ́n ti ń gbowó kọjá agbára alágbàfọ̀ tí apá rẹ̀ ti rọ. Tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì ló máa ń jáde wá pè wá. Wọ́n ti mú un kúrò, wọ́n kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri, òun ló ń pe orúkọ báyìí. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á fo tirẹ̀.

O rántí ìkìlọ̀ ìyá wa: ohùn tí o kò bá rí ẹni tó ni ín, má dá a lóhùn. Gbogbo àwa arúgbó tó wà níbẹ̀ la gbọ́ irú rẹ̀ dàgbà. Àpótí á pè, a ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ìlẹ̀kùn dókítà á ṣí fúnra rẹ̀, á tún padà tì. Ìyá Aránṣọ tí a jọ ń gbé bú mi pé ẹ̀rọ lásán ni. Nígbà tó kan òun náà, ó di ọwọ́ mi mú, kò fọhùn.

Lánàá, mo pinnu pé bí wọ́n bá pe orúkọ bàbá wa tó wà lórí káàdì mi, n ó dáhùn. Àpótí náà ò pè é. “Eyínfúnjowó,” ló wí, jẹ́ẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun. Ìwọ nìkan ló kù láyé tó mọ orúkọ ìgbà èwe mi yẹn, eyín ọ̀hún gan-an ti ká tán. Ohùn ìyá wa ni. Ẹ̀rù bà mí, mo tẹjú mọ́lẹ̀ títí ìlẹ̀kùn dókítà fi tún padà tì. Mo bi Ìyá Aránṣọ léèrè ohun tó gbọ́. Ó ní òun ni wọ́n pè, pé ọkọ òun tó kú ló pe òun.

Láàárọ̀ yìí, n kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Bó bá tún pè mí lóṣù tó ń bọ̀, n ó dáhùn, n ó sì wọlé. Jọ̀ọ́, wá bá mi jókòó lọ́jọ́ náà. Kí Ìyàwó àtàwọn ọmọ fún mi.

Bí o bá gbọ́ orúkọ tìrẹ nínú àpótí náà, má dáhùn. Ìwọ ṣì ń ríran.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
Eyínfúnjowó.