Bí Mo Ṣe Ṣàlàyé Iṣẹ́ Rẹ fún Alhaji l'Ọ́jà Igbó

Bushrah Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó wà pẹ̀lú rẹ ní Èkó níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí kọ̀ǹpútà nìkan lò ń tẹjú mọ́? Ìyá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ dúdú wa sì bí mẹ́ta.

Ohùn tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ. O ní àwọn èèyàn ń kọ àdéhùn sínú kọ̀ǹpútà, àdéhùn ọ̀hún á sì máa dá sanwó láìsí akọ̀wé, pé sumáàtì kọ́ńtíráàtì ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ tìrẹ sì ni láti wá ihò tí olè lè gbà wọ inú rẹ̀ kí olè tó rí i. Ó yé mi yékéyéké. Ohun kan ṣoṣo tí ò yé mi ni pé, tó bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò lè rí ihò ara rẹ̀? O ní o ò ní ọ̀gá, pé fíríláǹsì ni ẹ́, mo sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn Faransé lò ń bá ṣiṣẹ́. Nítorí o ní oṣù tó o ò bá rí ihò, o ò rówó, mo ní kí Àlùfáà bá wa bẹ Ọlọ́run kó lu ihò sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn. Kò sẹ́nì kan tó ṣe àmín.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbé tìmùtìmù awọ tí mo fọwọ́ ara mi rán dání, mo lọ rí Alhaji Ismaheel, bàbá Mubaraq àfẹ́sọ́nà rẹ, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀wà wọn l'Ọ́jà Igbó. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo lo ń ṣe ní Èkó. Mo ní o ń wá ihò lára ohun ìní àwọn èèyàn. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní ọmọ yàhúù kò ní wọ ilé àwọn, kí n máa gbé tìmùtìmù mi lọ.

Mo ní kí n ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí n tó máa lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí pákó kan tó ti jẹrà lára ògiri, ọwọ́ èèyàn lè gba ibẹ̀ wọlé sídìí àpò ẹ̀wà kẹta. Mo rántí pé o ní ẹ kì í fọwọ́ kan nǹkan, ẹ kì í pariwo kí olè má baà gbọ́, ẹ máa ń kọ ọ́ fún olóhun ni. Mo yọ bébà, mo kọ ọ́ pé: Ihò kan. Ó le. Ẹ̀yìn àpò kẹta.

Alhaji kà á, wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn, wọ́n ti ọwọ́ bọ ihò náà, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà olóyin ni wọ́n fà jáde. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àpò ti ń fọn, pé eku làwọn ń bá jà, àwọn tiẹ̀ ti ra ológbò méjì. Wọ́n bi mí pé ṣé irú iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe rèé. Mo ní òun gan-an ni, àmọ́ kò sí ẹ̀wà nínú tirẹ̀. Wọ́n bá jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n ní kí n mú ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ wá. Wọ́n tún ní kó o wá wo ìwé àdéhùn tí àwọn àti káfíńtà tó kan ṣọ́ọ̀bù náà jọ kọ, bóyá ihò wà nínú rẹ̀, pé àna kì í gbowó lọ́wọ́ àna.

Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ fún aṣọ ìyá rẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Má fi sínú èyí tó ń dá sanwó o. Fi í ránṣẹ́ sí Comfort tó ń ṣe pọ́ọ̀sì lójúde wa, òun mọ̀ mí lójú.

Bushrah, bóyá iṣẹ́ rẹ kò tíì yé mi tán. Ṣùgbọ́n bí Alhaji ṣe pè ọ́ ní olè yẹn, inú mi bàjẹ́ ju bó o ṣe rò lọ, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbà pé o kì í ṣe olè, ayọ̀ ni mo gbé padà sí Ọ̀yọ́. Ọlọ́run á là ọ́ lójú sí i. Oúnjẹ rẹ kò ní bọ́ sẹ́nu ẹlòmíì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùílì aránwọ.