Ọkọ̀ Tí Yóò Gbé Màámi Wọlé

Bọ̀dá mi,

Mi ò fẹ́ jí yín kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Tí ẹ bá ń gbé Màámi bọ̀ láti ọsíbítù lọ́sàn-án, ẹ má gbé lọ́rì yín kọjá oríta. Mo ti dán ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ wa yìí wò láàárọ̀, nítorí egungun itan wọn tí kò tíì jinná. Onítáàsì ilé kejì gbé tiẹ̀ wọ ọ́, ògiri kọ́nà àkọ́kọ́ já dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ́, ó wá ń bínú sí mi bíi pé èmi ni mo mọ ògiri. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọjá, àmọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Ọ̀kadà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká má tiẹ̀ sọ ọ́.

Ó wá ku ọmọlanke bíríkìlà. Mo ní, "Àbí àpò sìmẹ́ńtì lẹ pe màmá mi?" Ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí i ná." Mo dùbúlẹ̀, ó tì mí láti oríta. Ohùn rẹ̀ ni mo tún gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa: "Ẹ dìde o, a ti délé!" Mo ti sùn lọ fọnfọn, èmi tí mi ò fojú kan oorun láti ìgbà tí Màámi ti ṣubú.

Bíríkìlà yóò dúró dè yín ní oríta. Ẹ tẹ́ fóòmù mi sí i. Tí oorun bá gbé Màámi lọ lọ́nà, ẹ sọ fún un kó má pariwo.

Àbúrò yín