Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Tábìlì Mi?

Ajé, 2 oṣù kẹsàn-án

Ó tàn. Ampilifáyà Bàbá tún sọ̀rọ̀. Tiransífọ́mà onírin inú rẹ̀ ti jóná láti ọdún tó kọjá. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìtọ́jú eyín ni mo wá jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe apèsè iná ìgbàlódé tí yóò rọ́pò rẹ̀. Àkọ́ṣe mi nìyí.

Kí n ṣàlàyé fún ara mi, kí n lè mọ̀ bóyá ó yé mi: iná ilé wọlé, a sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo, kapasítọ̀ ńlá kó o jọ. Tiransísítọ̀ méjì wá ń ṣí i, wọ́n ń pa á, ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí eré yìí, tiransífọ́mà tí kò tóbi ju ẹyin lọ ti tó.

Mo pa á. Mo tẹ́ irinṣẹ́ de ọ̀la bí mo ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Wáyà ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná ti wà ní ojú ibi tí mo fẹ́ wò.

Ìṣẹ́gun, 3

Mo tan án. Pàà. Fíúsì lọ, tiransísítọ̀ méjèèjì lọ. Lánàá ńkọ́? Ó ń kọrin.

Ọjọ́rú, 4

Mo lọ bá ẹni tó ń ta páátì ẹ̀rọ. Ó ní: "Dókítà, ojúlówó ni mo tà fún yín o. Ẹ bi àwọn ará ilé yín." Ó ń ṣeré. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ta ló wà nílé? Màmá, tí kì í gun àtẹ̀gùn mọ́. Àti àbúrò mi — Ẹlẹ́sẹ̀-Òwú, èèyàn kì í gbọ́ ìrìn rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́ ló ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Oṣù tó kọjá, lójú Màmá: "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ta irin yẹn, mo ti rẹ́ni tó fẹ́ ẹ." Mo ní rárá, a ò ní ta ampilifáyà Bàbá. Tó bá ń jó báyìí, ó máa sú mi, màá tà á. Ohun tó fẹ́ náà nìyẹn.

Ẹtì, 6

Páátì tuntun. Mo kọ́kọ́ fi gúlóòbù ṣọ́ ojú ọ̀nà iná: tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ, gúlóòbù á gba iná yẹn sára, á mọ́lẹ̀ yòò. Ó tàn fìrí, ó kú. Àlàáfíà. Mo yọ ọ́, mo tan ẹ̀rọ gan-an. Màmá pariwo látìsàlẹ̀ pé òun ń gbọ́ orin.

Mo pa á, mo tẹ́ irinṣẹ́ de ọ̀la. Mo na fọ́nrán òwú kan sẹ́nu ọ̀nà.

Àbámẹ́ta, 7

Òwú ti já. Mo tan ẹ̀rọ. Pàà.

Àbúrò mi ní fèrèsé lòun wọlé lọ pa dé, òjò ń bọ̀. Ilẹ̀ ìta tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ purọ́ náà lè dúró de òjò.

Ìṣẹ́gun, 10

Mo pààrọ̀ àgádágodo. Mo tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́. Mo to irinṣẹ́, mo tilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 11

Pàà. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Á jẹ́ pé àbúrò mi ti ní òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo ní kó máa lọ. Ó ní: "Èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì rìmóòtù?" Mo ní bíba nǹkan jẹ́ ò gba ẹ̀kọ́. Ó kó aṣọ sínú àpò kan, ó kí Màmá, ó jáde. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Màmá: "Ó ku èmi. Lé èmi náà, kí ilé lè dákẹ́ fún orin ẹ."

Àbámẹ́ta, 14

Mo tún un ṣe. Ó ń dún dáadáa. Mo ní, ṣebí mo sọ pé òun ni. Mo to irinṣẹ́.

Àìkú, 15

Pàà.

Mo yẹ àgádágodo wò. Kò sẹ́ni tó wọlé. Mo wá gbé mítà, mo wọn gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì, títí kan ohun tí mi ò fura sí rí. Irin kékeré tó wà lẹ́nu wáyà ẹ̀rọ ayàwòrán iná: ọ̀nà rẹ̀ là tààrà, láti ibẹ̀ gba inú ògiri dé inú ilẹ̀. Ibi tí mo ń há a mọ́ kì í ṣe ilẹ̀. Àárín tiransísítọ̀ méjèèjì ni, iná ilé gan-an ló wà níbẹ̀. Tí mo bá tan án báyẹn, ńṣe ni mo ń la ọ̀nà fún iná láti gba inú wọn sáré wọlẹ̀. Nígbà tí mo bá ń dán an wò lẹ́yìn àtúnṣe, wáyà yẹn kì í sí níbẹ̀. Tí mo bá to irinṣẹ́ de ọ̀la ni mo máa ń há a.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èmi ni.

Ajé, 16

Mo tún un ṣe. Mi ò há wáyà yẹn mọ́. Ó ń dún láti àárọ̀.

Mo pe àbúrò mi. Mo ṣàlàyé fún un, láti fíúsì títí dé wáyà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mo ṣe ń bá ẹni tí mo fẹ́ yọ eyín rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa bọ̀ nílé.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní: "Ó yé mi, Àǹtí. Ká ní kò jó mọ́ lẹ́yìn tí mo lọ ńkọ́?"

Mo mọ èsì rẹ̀. Mi ò bá tí pè é láé.