Iṣẹ́ Rọ́ọ̀nsì Tí Ọkọ Ọmọ-Ọmọ Mi Ń Ṣe

Olóòtú ètò orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń bá mi kọ èyí ní Àkúrẹ́. Ẹ má wulẹ̀ wádìí orúkọ mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Oǹdó kan fẹ́ fẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Mo bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní, "Rọ́ọ̀nsì ni, Màmá." Ọmọ-ọmọ mi ní káràkátà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé yìí ní àwọn tó ń ta ìdáhùn ìdánwò náà ń pe iṣẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń dirun fún mi ní iṣẹ́ àwọn ọmọge tó ń tẹ̀lé ọkùnrin kiri ni.

Nílé wa, a kì í gba iṣu ìdána láìṣe ìwádìí. Mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, mo bá ìyá bàbá ọmọkùnrin náà nílé. Mo ní, "Kí ni ọmọ yín ń ṣe jẹun?"

Ìyá náà wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyá, tí ẹ bá rí i gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ wá sọ fún èmi náà."

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdána, èmi ló sì yẹ kí n gba iṣu. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n nawọ́ ni, àbí kí n jókòó lé ọwọ́ mi?