Màmá Àwáwù Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Tó Ń Wẹ Ọmọ Ìwéré-Ilé (1948–2024)

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1948, tí kùrukùru bo oko ẹ̀gẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò rí ẹni tó ń kí òun, ni a bí Màmá sí agbo ilé Ọ̀jẹ̀túndé ní Ìwéré-Ilé. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Mùyìbátù, ọmọ Òkákà, ló ń wẹ ọmọ tuntun fún àdúgbò. Ilé kéú nìkan ni Màmá lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìyá wọn dójú àmì.

Ní 1967, Ràmọ́nì olóko kaṣú fẹ́ wọn, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹni tó bá bá Màmá nídìí ìwẹ̀ láàárọ̀ kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ á máa rú èéfín, òrí á máa ta sánsán, Màmá á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, wọn á máa kọrin jẹ́jẹ́ títí oorun á fi gbé ìyá ọmọ lọ. Lẹ́yìn náà, wọn á di ọmọ mú ní apá kan, wọn á gbé e sókè kí eegun rẹ̀ lè le. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é.

Ọdún 2009 ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Sodiqat, ìyàwó Ṣùkúrù àkọ́bí wọn, rọbí fún ọjọ́ méjì. Ọmọ tóbi, orí jáde, èjìká há, àwọn agbẹ̀bí bá ń fa orí. Lọ́jọ́ kẹta tí Màmá ń wẹ ọmọ náà, tó ń jẹ́ Waheedat, Sodiqat rí i pé apá ọ̀tún rẹ̀ kò mì. Ó figbe ta: "Yéè! Ìyá ti yọ ọmọ mi lápá!" Ṣùkúrù fúnra rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ Màmá tó bí òun gan-an. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó dunni jù ni pé Màmá náà gbà á gbọ́. Wọ́n kó kànrìnkàn sí àjà. Odindi ogójì ọjọ́ ni wọn kò fi wẹ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ́lẹ̀, tó wá gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ló wo apá náà dáadáa. Ó nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó yí sínú, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn bí ọwọ́ ẹni tó ń gba nǹkan ní kọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ìka ọmọ di ìka nọ́ọ̀sì mú. Ó pàtẹ́wọ́ gbàà! Apá òsì fò sókè, ti ọ̀tún kò mì. Ó fọwọ́ tọ eegun lábẹ́ ọrùn, kò kán.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má sunkún mọ́. Iṣan tó ń ti ọrùn gbé agbára lọ sí èjìká ló nà nígbà ìbí. Ìwẹ̀ yín kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi apá gbé ọmọ mọ́ o."

Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìsẹ́yìn. Màmá ló ń bá a tẹ apá náà, tí wọ́n ń nà án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ìgúnpá padà ṣiṣẹ́. Èjìká kò padà tán: Waheedat kò lè na apá náà dé àárín orí títí dòní. Láti ìgbà náà, Màmá kì í wẹ ọmọ láì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tí apá wọn rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tètè rí, tí wọ́n ní kí àwọn òbí gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n dé Òkákà pàápàá láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi apá gbé ọmọ.

Màmá sùn lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 2024. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àrọ́mọdọ́mọ méjì ló gbẹ̀yìn wọn.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn, Ṣùkúrù kàn gbé ọmọ padà sọ́wọ́ Màmá ni. Kò tọrọ àforíjì. Màmá náà kò bèèrè. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, ojú ń ti tọkọtaya náà, ẹnu wọn kò sì gbà á. Àwọn méjèèjì ló ní kí a kọ ọ́ síbí kí gbogbo ìlú kà á: Màmá kò yọ ọmọ lápá. Ìyá tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni àwọn dá lẹ́bi. Ẹ dákun, Ìyá, ẹ forí jì wọ́n. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibi tó rọ̀ fún yín. Ẹ sùn re o.