Mo Pàrọwà, Ẹ̀yin Ni Wọ́n Tẹ̀ Lé

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ìyá Bọ́sẹ̀ ti padà wálé láti ọsibítù. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn tó yín létí, nítorí mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà láyé, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n gé ọyàn rẹ̀ apá òsì. Ó ti rù, kò sì tíì lè gbé apá yẹn sókè dáadáa, ṣùgbọ́n ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè lọ fún un, ó sì bá mi wí pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ṣí ilé yín, mo jókòó sórí ibùsùn yín, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹni tó bá gbọ́ lè rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún yín.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé wá sí Ayépé? Wọ́n ti kó àwa nọ́ọ̀sì jọ sí Abẹ́òkúta ṣáájú, wọ́n kọ́ wa bí a ó ṣe máa pàrọwà fún àwọn ìyá ọmọ. Kí a kí wọn dáadáa, kí a béèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kí a má bá wọn jiyàn, kí a sọ ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Nígbà tí Lándírófà gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín, èmi ni wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé lọ́wọ́ nítorí pé mo jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo sọ ti èèyí, mo sọ ti rọpárọsẹ̀, mo na àwòrán sókè. Àwọn obìnrin náà dúró sábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ẹni tó ń polówó oògùn aràn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ fún mi pé, “Nọ́ọ̀sì, o mọ̀ ọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí wọ́n rọ sínú rẹ̀?”

Ìgbà náà ni ẹ jáde nínú ilé. Dúpẹ́, àbíkẹ́yìn mi, tó wà lọ́dọ̀ yín nígbà náà, wà lẹ́yìn yín. Ẹ kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ lọ tààrà síwájú tábìlì, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀, ẹ sì di apá rẹ̀ mú. Ó ké. Ẹ fi etí ìró yín nu ojú rẹ̀, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn fún un. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti tiyín níyà, fi gbé ọmọ-ọmọ tirẹ̀ dé. Àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́yìn rẹ̀. Kí oòrùn tó rọ̀, abẹ́rẹ́ tí a kó wá ti tán.

Mo bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, “Kí ni n ó tún sọ? O ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọmọ tèmi ni mo gbé wá gba abẹ́rẹ́.”

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kí yín, tí mo rí i pé ọwọ́ òsì ni ẹ fi ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Ẹ̀yin tí mo ti gbọ́njú bá lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn, tí ẹ ń rán yunifọ́ọ̀mù fún gbogbo ọmọ àdúgbò, ọwọ́ ọ̀tún ni mo mọ̀ mọ́ yín. Ẹ ní apá náà kàn rẹ̀ yín ni. Mo yọ yín lẹ́nu títí ẹ fi ṣí bùbá yín, mo sì fọwọ́ kan kókó kan lọ́yàn yín. Ó le bí èkùrọ́.

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo lò fún yín. Mo rọra sọ ọ́, mo fi igbe sọ ọ́. Mo mú àlùfáà ìjọ yín wá. Mo mú àbúrò yín wá láti Òdogbolu. Mo kúnlẹ̀ nínú pálọ̀, mo di ẹsẹ̀ yín mú, mo ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà nígbà tí ó ṣì kéré. Ohun kan náà ni ẹ ń fi dá gbogbo wa lóhùn: “Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun.” Lọ́jọ́ kan ni mo wá bi yín pé kí ni ẹ ń bẹ̀rù gan-an. Ẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọsibítù. Gbígbé ni wọ́n gbé e padà.” Ẹ̀gbọ́n yín tó gbé ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni, tó ti kú kí ẹ tó bí mi. N kò mọ ojú rẹ̀. Kò lè bẹ̀ yín, kò lè kìlọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò tó èyí tó fi ikú rẹ̀ sọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ó ku èmi àti ẹ̀yin nínú yàrá. Ẹ kò lè jókòó pẹ́ mọ́, ẹ kò sì lè dùbúlẹ̀ gbádùn. Mo ń fi aṣọ tútù nu ọrùn yín. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, “Ọmọ mi, ó yẹ kí n ti bá ọ lọ.” Mo tún aṣọ náà rẹ sínú omi. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí ẹ fi fi mí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú mi bí egungun ẹja. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí di ọjọ́ tí mo wá gbá ilé yín, tí Ìyá Bọ́sẹ̀ pè mí wọ yàrá rẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn, tó sì tú aṣọ àyà rẹ̀. “Wò ó,” ó ní. “N kò ní kí o sọ̀rọ̀ o. Wíwò ni mo ní kí o wò ó.”

Mo wò ó: kókó bíi tiyín ni, lọ́yàn òsì. Síbẹ̀, mo sọ̀rọ̀. Mo ní kó bá mi lọ sí ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde lójú ẹsẹ̀.

Ó di aṣọ rẹ̀ padà, ara rẹ̀ balẹ̀. “Ìyá rẹ ní nọ́ọ̀sì lọ́mọ,” ó ní. “Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló sọ fún un, kò sì lọ. Ó mọ ohun tó rí tí kò fi lọ. Ibi tí ìyá rẹ kò tẹ̀, ta ni mí tí n ó tẹ ibẹ̀?”

Màmá, mo wá sọ fún un. Mo sọ ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ òjò yẹn, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an. Ìyá Bọ́sẹ̀ kò pè mí ní òpùrọ́. Ó kàn sọ pé, “O fẹ́ kí n lọ ni. Ìdí tí o fi ń sọ ọ́ nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ yín ni, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló gbà jáde, ó sì di ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó tún wá bi mí pé, “Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí o jáde lára rẹ̀, ṣé wọ́n ti yẹ tìrẹ wò?”

Wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n lọ. Mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo sì jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ìpàrọwà ni iṣẹ́ mi. Ẹni tó ń pàrọwà fún ọ mọ ohun tó fẹ́ kí o ṣe, ìwọ náà sì mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ, o lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ipa tí ènìyàn ń ní lára ẹlòmíràn dà bí ipa ẹsẹ̀ lọ́nà oko. Ẹni tó kọjá kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó tẹ̀ lé òun. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kàn rí i pé ènìyàn ti gba ibẹ̀ rí, ó sì gbà á, kò tilẹ̀ béèrè bóyá ẹni náà dé ibi tó ń lọ láyọ̀. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún nìyẹn. Ẹ̀yin kan náà tí ẹ gba àwọn ọmọ Ayépé lọ́wọ́ èèyí ni ẹ fẹ́ mú Ìyá Bọ́sẹ̀ lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń wò yín? Bí ẹ bá ti mọ̀, ǹjẹ́ ẹ̀ bá gbà láti lọ nítorí tiwọn, bí ẹ kò tilẹ̀ lọ nítorí tèmi? Mo bínú sí yín, Màmá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín, mo bínú, lẹ́yìn náà mo fa koríko tó hù síbẹ̀ tu, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe fún yín.

Nígbà tó yá, mo padà lọ bá Ìyá Bọ́sẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ yẹ ara mi wò, pé ẹ̀rù ń bà mí, pé n kò ní ìyá tí ó máa bá mi lọ. Ṣé ìpàrọwà nìyẹn náà? Òótọ́ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Kò jiyàn. Ó wọ bàtà, ó bá mi wọ mọ́tò.

Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ fún dókítà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Dókítà tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Mo dìde, mo ń de bọ́tìnnì mi. N kò sọ ohunkóhun, Màmá, mo fi Ọlọ́run búra. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló tú gèlè orí rẹ̀, tó gbé e fún mi kí n bá òun dì í mú. Ó wo dókítà, ó ní, “Ó kàn mí.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí mọ́tò gbé e padà dé láti ọsibítù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn obìnrin àdúgbò jáde wá pàdé rẹ̀. Wọ́n ń rọra dì mọ́ ọn, wọ́n ń bi í bó ti rí, bó ti dùn ún tó. Ọ̀kan nínú wọn fa Ìyá Bọ́sẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà ara rẹ̀. Mo rí i. Mo mọ̀ pé òun náà yóò lọ, n kò sì ní sọ ohun kan fún un.

Mo dúró létí mọ́tò, mo gbé ẹrù rẹ̀ dání. Ìyá Bọ́sẹ̀ wọlé rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé. Mo yíjú sí ilé kejì, ilé yín, ó wà ní títì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ẹ̀mí rẹ̀, mo dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ bẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí mọ́tò gbé padà fún mi.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá yín sọ lọ.